Bouillon, bistro tàbí brasserie? Bí a ṣe lè jẹ oúnjẹ Faransé ní Paris láìfi owó ọkọ̀ jẹun

Ọjọ́ kìíní tí mo dé Paris láti London, inú ọkọ̀ ojú irin ni ebi ti ń pa mí. Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo rí ni mo yà sí, nítòsí ibi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò. Àwòrán oúnjẹ kún ara pátákó wọn, èdè márùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ́, ọkùnrin kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe èrò bíi kọ̀ndọ́. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹran tó le bí awọ bàtà, àti omi inú ìgò tí n kò bèèrè: yúrò 44. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ti pẹ́ ní Paris, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àbúrò mi, ibi tí wọ́n bá ti ń pè ọ́ wọlé, má wọ ibẹ̀.” Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló mú mi lọ sí bistro àdúgbò rẹ̀. Oúnjẹ méjì, búrẹ́dì, omi tútù, yúrò 19. Ẹran náà rọ̀ débi pé ọ̀bẹ kò níṣẹ́ níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi oríṣi ilé oúnjẹ mẹ́ta wé ara wọn, torí àwọn ni ẹni tó ní yúrò 15 sí 40 lọ́wọ́ máa bá pàdé jù. Ojú àlejò kò lè tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ta ni ta ni?

Bouillon túmọ̀ sí omi ẹran. Lẹ́yìn ọdún 1850 díẹ̀, alápatà kan ní Paris tó ń jẹ́ Baptiste-Adolphe Duval rí i pé ibi tó dára lára màlúù ló máa ń tètè tà, ibi tó le sì máa ń ṣẹ́ kù sí òun lọ́rùn. Ó bá ń sè é pẹ́, ó ń ta omi ọbẹ̀ àti ẹran bíbọ̀ náà fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi máa parí, bouillon ti kún Paris bí búkà ṣe kún Ìbàdàn. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Chartier, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 ní òpópónà Faubourg-Montmartre. Gbọ̀ngàn ńlá ni, dígí yí ògiri ká, àwọn dúrọ́ọ̀ kéékèèké tí àwọn oníbàárà àtijọ́ ń kó aṣọ ìnuwọ́ wọn sí ṣì wà níbẹ̀. Orí bébà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ni wọ́n ti máa ń ṣírò owó yín, pẹ̀lú bírò, lójú yín. Irú ilé oúnjẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ kí ó tó tún sọjí: Bouillon Pigalle ṣí lọ́dún 2017, Bouillon République tẹ̀ lé e lọ́dún 2021.

Bistro kéré sí i gan-an. Tábìlì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, káńtà kan, ọkọ lẹ́yìn ààrò, ìyàwó níwájú ilé, tàbí òdìkejì rẹ̀. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé àwọn sójà Rọ́ṣíà tó wọ Paris lọ́dún 1814 ló ń pariwo “bystro”, ìyẹn “kíá kíá”, kí wọ́n tètè bu ọtí fún àwọn. Ó dùn lẹ́tí, àmọ́ kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé títí di nǹkan bí ọdún 1880 sókè. Ẹ fi rẹ́rìn-ín, ẹ má fi búra. Èyí tó ṣeé gbára lé ni ti àwọn ará Auvergne. Láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti wá sí Paris, wọ́n kọ́kọ́ ń pọnmi fún àwọn ará ilé, nígbà tó yá wọ́n ń ta èédú, wọ́n sì gbé ìgò wáìnì sí ẹ̀gbẹ́ èédú. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í se ìkòkò kan lọ́sàn-án fún àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń vọ́káníìsì mọ irú ìtàn yẹn.

Brasserie ní tirẹ̀ túmọ̀ sí ibi ìpọntí. Àwọn ará Alsace ló mú un wá, pàápàá àwọn tó sá wá sí Paris lẹ́yìn tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn nínú ogun 1870 sí 1871. Bofinger, nítòsí Bastille, ti wà láti 1864, Lipp sì ti wà láti 1880 ní Saint-Germain-des-Prés. Bíà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú kábéèjì kíkan tí wọ́n ń pè ní choucroute, àti àwọn ẹran inú ìkarahun òkun tí wọ́n ń gbé mì ní tútù lórí yìnyín. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ wọṣọ dúdú, ó so épírọ́ọ̀nù funfun mọ́ ìdí. Ó lẹ́wà. Ẹwà náà wà nínú owó yín.

Iye tí mo kọ síhìn-ín jẹ́ bí mo ṣe máa ń bá a, ó lè yẹ̀ díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀:

| | Bouillon | Bistro àdúgbò | Brasserie |
|---|---|---|---|
| Oúnjẹ méjì lọ́sàn-án | yúrò 13–18 | yúrò 17–24 | yúrò 24–32 |
| Oúnjẹ mẹ́ta lálẹ́, láìsí ọtí | yúrò 18–25 | yúrò 32–45 | yúrò 40–60 |
| Àkókò | ọ̀sán títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́ | aago 12 sí 2, aago 7:30 sí 10 | láti ọ̀sán títí alẹ́, láìsinmi |
| Àyè | ẹ óò tò sórí ìlà | ẹ fóònù ṣáájú | àyè kì í sábà wọ́n |

Ibi tí owó ti ń yàtọ̀

Ẹ tún wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì. Bistro kan náà, ààrò kan náà, lálẹ́ owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ohun tó fà á ni formule, ìyẹn iye kan pàtó fún oúnjẹ méjì: ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti gidi, tàbí ti gidi pẹ̀lú ohun dídùn. Ọjọ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án nìkan ni ọ̀pọ̀ bistro ń ta á. Àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò ló wà fún, tí ilé iṣẹ́ wọn ń fún ní titre-restaurant, ìwé owó oúnjẹ tí ọ̀gá ń san ó kéré tán ìdajì rẹ̀. Alásè mọ̀ pé wákàtí kan ni wọ́n ní, ó sì mọ iye tó wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ó máa ń se ìkòkò ńlá kan láàárọ̀, ó fi ṣe plat du jour, oúnjẹ ọjọ́ náà: blanquette, ẹran ọmọ màlúù nínú ọbẹ̀ funfun, tàbí bourguignon, ẹran màlúù tí wọ́n fi wáìnì pupa sè fún wákàtí mẹ́ta. Ẹran tí kò wọ́n ni, àkókò ló sọ ọ́ di oúnjẹ ọlọ́lá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni bistro borí àwọn méjèèjì yòókù, tí kò sì sí ìjà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gba owó lọ́wọ́ àlejò. “Menu” lẹ́nu ará Faransé kì í ṣe ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ sí; oúnjẹ tí wọ́n ti dá iye lé lápapọ̀ ni. Ìwé náà ń jẹ́ “carte”. Ẹ̀gbọ́n Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí náà: “entrée” níbí ni oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ gidi. Mo mọ ẹnì kan tó béèrè entrée, tí wọ́n gbé ẹyin bíbọ̀ méjì pẹ̀lú mayonnaise wá fún un. Ó dúró de ìrẹsì rẹ̀ títí.

Ẹyin náà gan-an ni mo fi ń díwọ̀n. Œuf mayonnaise wà ní gbogbo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní bouillon, ó máa ń wà ní yúrò méjì sí mẹ́ta. Ní bistro, mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ní brasserie, ó lè lé ní mẹ́jọ. Ẹyin ni ẹyin ń jẹ́. Àmọ́ ní bistro tó mọṣẹ́, wọ́n po mayonnaise yẹn láàárọ̀, mọ́sítádì ta sókè nínú rẹ̀, ẹ óò sì mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn kàn án. Ní bouillon, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní alẹ́ kan, ó dára, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi: ẹ sọ pé “une carafe d'eau”. Ọ̀fẹ́ ni, òfin wà lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá kàn sọ pé “omi”, ìgò yúrò márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa wá. Búrẹ́dì pẹ̀lú kò lówó, wọ́n sì máa ń fi kún un. Owó iṣẹ́ agbóúnjẹ ti wà nínú iye tó wà lórí carte, nítorí náà ẹ má fi ìwọ̀n ogún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ bíi ti New York. Yúrò kan tàbí méjì tó, bí inú yín bá dùn.

Ẹnu Yorùbá nínú àwo Faransé

Ẹran tí wọ́n bá ní ó jinná, kò jinná lójú wa. “Saignant” ń ṣẹ̀jẹ̀. “À point”, tí wọ́n kà sí àárín, ṣì pọ́n nínú. Ẹ sọ pé “bien cuit”, kí ẹ tún un sọ, bí alásè bá tiẹ̀ dijú. Tàbí kí ẹ fi steak sílẹ̀, kí ẹ mú confit de canard: itan pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n sè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ọ̀rá ara rẹ̀, tí wọ́n tún wá yan títí awọ rẹ̀ fi ń dún wàrà-wàrà lẹ́nu. Èmi kò tíì rí ọmọ Yorùbá tó kọ̀ ọ́.

Ata kò sí. Ẹ gba moutarde, ìyẹn mọ́sítádì; ti ìlú Dijon máa ń gun imú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé ata gbígbẹ sínú pọ́ọ̀sì. Ó ń yọ ọ́ bí ẹni ń yọ oògùn.

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí tí kì í mu ọtí ní láti ṣọ́ra jù ní bistro ju ibi yòókù lọ, torí ọbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wáìnì wà nínú bourguignon àti coq au vin (àkùkọ tí wọ́n fi wáìnì sè), ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ sì sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹran halal kò wọ́pọ̀ ní ilé wọ̀nyí; ẹja àti ẹyin ló dájú jù, kí ẹ sì béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ẹja náà. Andouillette ńkọ́? Ìfun ni, mo sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ìfun, ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, òórùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé orí tábìlì.

Ìgbín: mo mọ̀ pé ẹ óò béèrè. Kò ju orí àtàǹpàkò lọ, mẹ́fà nínú rẹ̀ kò tó ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Oǹdó. Bọ́tà, ááyù àti ewé parsley tó wà nínú ìkarahun ni oúnjẹ náà. Ẹ fi búrẹ́dì nù ún.

Bí a ṣe ń mọ ojúlówó

Bistro kò ní ìwé àṣẹ tó sọ ọ́ di bistro, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sára ògiri. Ohun tí mo máa ń wò ni pátákó dúdú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, ti gidi mẹ́rin tàbí márùn-ún, èyí tó ti tán ti di píparẹ́. Bí ààrò kékeré bá ń ta ogójì oríṣi oúnjẹ, inú fírísà ni wọ́n ti ń mú un. Láti ọdún 2014, òfin ti gbé àmì “fait maison” kalẹ̀, àwòrán ìkòkò tó fi òrùlé ilé ṣe ọmọrí, fún oúnjẹ tí wọ́n sè níbẹ̀ látinú èròjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sè tẹ́lẹ̀. Ó ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n àwọn bistro kan tó dára gan-an kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ wo ẹni tó jókòó. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn kọ́lékọ́lé, olùkọ́ àti bàbá arúgbó tó ń ka ìwé ìròyìn ló kún ibẹ̀ ní aago 12:30, ẹ wọlé.

Ní Lyon, irú ilé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ bouchon, àwọn yẹn sì ní àmì tiwọn láti ọdún 2012. Ẹ̀yin olólùfẹ́ ṣàkì, ẹ béèrè tablier de sapeur níbẹ̀: ṣàkì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì bò, tí wọ́n sì dín. Òun nìkan tó ìdí láti wọ ọkọ̀ ojú irin.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú ọmọdé, tí alẹ́ sì ti lẹ́, bouillon ni. Ẹ dé kí aago 7 tó lù tàbí lẹ́yìn aago 9:30, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò dúró lórí ìlà títí ẹsẹ̀ yóò fi ro yín. Wọ́n sì lè fi yín jókòó ti àjèjì lórí tábìlì kan, ó ti mú mi bá ènìyàn dáadáa sọ̀rọ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, tàbí oṣù Ògọ́ọ̀sì tí ọ̀pọ̀ bistro máa ń tilẹ̀kùn, bouillon náà ni. Brasserie, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ebi dédé dé, àti fún ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí.

Fún gbogbo ọ̀sán láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, bistro. Ẹ dé ní aago 12:15, ẹ má pẹ́ kọjá 1:30, torí bí aago méjì bá ti lù, alásè ti ń fọ ìkòkò, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa ràn án. Kí ẹ tó sọ iye ènìyàn tí ẹ jẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ pé “Bonjour, madame” tàbí “Bonjour, monsieur”. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó ń bí wọn nínú jù lára àlejò ni kí ó wọlé kó máa wá àga láìkí ẹni tó bá nílé. Mo ní ṣé Yorùbá ni wọ́n ni? Ó ní kí n bọ́ sí ìdí tábìlì, blanquette ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.