Bùréètì àbí ẹ̀rọ? Ọ̀nà méjì láti wọn ìyára kẹ́míkà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan wọn bí áyódíìnì àti acetone ṣe ń yára bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú ásíìdì lè gba ọ̀nà méjì: títíréṣọ̀n (fífi bùréètì, ọ̀pá gíláàsì tó ní àmì ìwọ̀n, kán omi kẹ́míkà kan sínú òmíràn títí iṣẹ́ wọn yóò fi parí), tàbí spectrophotometer (ẹ̀rọ tó ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tí omi aláwọ̀ fà mu).

Títíréṣọ̀n kò náni lówó púpọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé kẹ́míkà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti fi pìpẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń fa omi) fa díẹ̀ jáde, kíá ni kí o dà á sínú sodium hydrogencarbonate, kó lè pa agbára ásíìdì, kí iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni wàá fi sodium thiosulphate wá iye áyódíìnì tó ṣẹ́ kù. Bí áyódíìnì bá ti tán, àwọ̀ búlúù dúdú tí sítáàṣì tí o fi sí i mú wá yóò pòórá lójijì. Kí o tó nu ọwọ́, àsìkò àti fa òmíràn ti tó. (Ṣọ́ ojú rẹ o, ohun tó ń jáde níbẹ̀ máa ń ta ojú.)

Spectrophotometer ní tiẹ̀ ń ka àwọ̀ áyódíìnì bó ṣe ń ṣá, láìfa nǹkan kan jáde. Àmọ́ bí iná bá lọ láàárín, ó di dandan kí o tún un ṣe.

Ọ̀nà méjèèjì ló máa ń fún ọ ní ìlà gbọọrọ lórí gíráàfù tó fi iye áyódíìnì hàn bí àsìkò ṣe ń lọ, torí iye áyódíìnì kò kan ìyára rẹ̀. Acetone àti ásíìdì ló kàn án. Ẹ̀rọ ni èmi yóò mú, bí iná bá wà.