Olùkọ́ Ajá Tó Ń Wá Kọ́ni Nílé: Bí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ṣe Rí Lójú Mi

Olùkọ́ tí a gbà ní Ìbàdàn láti kọ́ ọmọ ajá Lhasa Apso wa ní ìmọ́tótó inú ilé àti àwọn àṣẹ àkọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ kan ajá náà ló ti ṣàlàyé pé ọmọ ajá olóṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Nítorí náà, bó bá ti jí, tó jẹun tán tàbí tó ṣeré tán, ìta ló kàn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí ó ṣe kọ́ ọ láti jókòó. Ó mú ẹran adìyẹ bíńtín sí iwájú imú rẹ̀, ó rọra gbé e gba òkè orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ajá náà gbójú sókè tẹ̀ lé e, ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ fúnra rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló yìn ín, tó sì fún un ní ẹran náà. Kò lù ú, kò sì jágbe mọ́ ọn. Inú mi dùn sí èyí púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì ń ti imú ajá bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, èyí tí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju ìbẹ̀rù olówó rẹ̀ lọ.

Àléébù ibẹ̀ ni pé kò kọ́ àwa ará ilé tó: ẹnì kan ń sọ pé “Wá”, ẹlòmíràn ń sọ pé “Máa bọ̀”, ó sì ń da ajá náà láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ gba olùkọ́ yìí, kí ó rí i pé gbogbo ará ilé wà níkàlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá rẹ̀ sì ti pé kí ó tó mú un jáde sí àdúgbò.