Kẹ̀kẹ́ ìfàmọ́tò tí mo yá ní Àkúrẹ́, tí mo fi jíìpù fa Corolla dé Ìbàdàn

Ní ìparí oṣù tó kọjá, èmi àti ìdílé mi kó kúrò ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí iṣẹ́ gbé mi lọ. Ẹrù ilé kò dà wá láàmú, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Corolla ìyàwó mi, ti ọdún 2005, ló di ìṣòro. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, owó irin àlòkù sì ni àwọn tó fẹ́ rà á ń dá lé e. Ìbàdàn ni mẹkáníìkì tí mo fọkàn tán wà, nítorí náà a pinnu pé mọ́tò náà yóò bá wa lọ. Ẹni tó ní ọkọ̀ agbémọ́tò ní kí n mú 280,000 náírà wá. Nígbà tí mo ti ní jíìpù Highlander ọdún 2008 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V6, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí mo lè fi fà á fúnra mi, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa bàbá kan lójú ọ̀nà Ọ̀dà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ìfàmọ́tò yáni ní 35,000 náírà lójúmọ́.

Kẹ̀kẹ́ yìí ní táyà méjì àti àwo irin méjì. Ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò tí a fẹ́ fà ni yóò gun orí àwo náà, tí a ó fi bẹ́líìtì dì í, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì máa yí lórí ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin 2 íǹṣì tó wà ní ìdí jíìpù ni orí kẹ̀kẹ́ náà máa ń bò mọ́lẹ̀, ṣéènì méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ó bá ṣèèṣì já.

Kò sí ẹni tí kò sọ fún mi pé kí n má da owó nù, pé okùn ti tó, kí ẹnì kan ṣáà jókòó sínú Corolla kó máa darí rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ní irú mọ́tò yìí mọ ohun tó fà á. Gíà Corolla wa jẹ́ ọtọmátíìkì, ẹsẹ̀ iwájú ló sì ń fi agbára rìn. Nínú irú gíà bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì káàkiri. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pọ́ǹpù kú nìyẹn, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yí nílẹ̀, àwọn irin inú gíà yóò máa bá a yí láìrí ọ́ìlì tó, fífi í sí N, ìyẹn fíríì, kò sì yí ìyẹn padà. Èèyàn lè tipa bẹ́ẹ̀ fi gíà tó dára san owó ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì, òun náà ló ń mú sítiárìn fúyẹ́. Àbúrò mi ni ìbá jókòó sínú mọ́tò náà, tí ìbá máa tẹ bíréèkì tó le bí òkúta fún nǹkan bí 200 kìlómítà, mítà díẹ̀ sí ìdí jíìpù mi. Mi ò lè ṣe é.

Ìwé tó bá Highlander wá sọ pé V6 náà lè fa 5,000 pọ́n-ùn, ìyẹn nǹkan bí 2,270 kìlógíráàmù. Corolla kò ju nǹkan bí 1,150 lọ, bí a bá sì ro kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, àyè ṣì wà dáadáa. Wẹ́dà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá fẹ́ jó irin bọ́ọ̀lù náà mọ́ bọ́ńpà. Mo yára kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn fi bóòtù dè é mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bí ó ṣe yẹ.

A gbéra ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Ìlànà ìrìnnà ilẹ̀ Nàìjíríà fi 45 kìlómítà ní wákàtí kan ṣe òpin eré fún ọkọ̀ tó ń fa òmíràn, ìbáà jẹ́ nínú ìlú tàbí ní òpópónà, mo sì pa á mọ́. Nígbà tí a dé Ìgbàrà-Òkè, àbúrò mi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ wò ó." Bẹ́líìtì ọ̀tún ṣì le. Ti òsì ti dẹ̀ débi pé ìka mi méjì wọ àárín òun àti táyà. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì rẹ̀ kì í dẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí táyà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jókòó dáadáa sínú àwo, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fún un padà, eyín irin tí a fi ń fún un ti dípẹtà, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo fi okùn àti ṣéènì dè é, a wá ń rọra lọ. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí a fi yá ènìyàn. Èmi náà jẹ̀bi, nítorí ní Àkúrẹ́ mo wo táyà kẹ̀kẹ́ náà, mo wo bíárìnnì rẹ̀, mi ò wo bẹ́líìtì.

Àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Ọ̀wẹ̀nà, títí kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ni ibi tí mo ti mọ ohun tí mò ń fà. Gígùn wọn kò le, sísọ̀kalẹ̀ ló le. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní bíréèkì tirẹ̀, gbogbo ìwúwo Corolla wá ń ti jíìpù lẹ́yìn bí ẹni tó fi èjìká tì í. Mo fa gíà sí S, níbi tí awakọ̀ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan gíà, mo mú un wá sí 2 kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú, mo sì ń tẹ bíréèkì ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà gbóná. Nísàlẹ̀ òkè, a kò gbọ́ òórùn jíjó kankan.

Ní Iléṣà, mo ra bẹ́líìtì tuntun méjì, irú èyí tí àwọn onítírélà fi ń di ẹrù. Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe àṣìṣe kan: mo wọ ilé epo tí kò ní ọ̀nà àbájáde níwájú. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ṣe é fi rìn sẹ́yìn, nítorí mítà kan péré ti tó láti mú kó ká bí apá. A ní láti sọ Corolla kalẹ̀, kí a ti kẹ̀kẹ́ yí, kí a sì tún gbogbo rẹ̀ dè, odidi wákàtí kan ni ó gbà. Ẹ wo ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó wọ ibikíbi. Nígbà tí ẹ bá sì ń yà ní kọ́nà, ẹ ya gbàgàdà, nítorí kẹ̀kẹ́ náà máa ń gé kọ́nà kúrú ju jíìpù lọ.

Iná ẹ̀yìn olóòfà tí bàbá fún wa láti lẹ̀ mọ́ Corolla kú ní Gbọ̀ngán. Wáyà rẹ̀ ló já, àbúrò mi sì so ó. A wọ Ìbàdàn ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo fa kẹ̀kẹ́ náà padà lófìfo. Kí ẹ má rò pé èyí rọrùn: ó ń fò lórí gbogbo kòtò, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Mo fi bẹ́líìtì tuntun méjèèjì sílẹ̀ lórí rẹ̀, mo sì fi eyín irin tó ti jẹ náà han bàbá. Ó yí i lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti pààrọ̀ rẹ̀." Ó dá owó bẹ́líìtì náà padà fún mi. Pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, bí mo bá tún ní mọ́tò láti fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màá padà sí, ṣùgbọ́n màá lo ìdajì wákàtí lórí bẹ́líìtì nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mẹkáníìkì mi fi ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú Corolla, ìyàwó mi sì fi sí D. Gíà náà wọlé láìgbọ̀n, bí ó ṣe máa ń wọlé ní Ìjàpọ̀.