Ẹ ka eyín ṣáàfù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra IRS fún Mustang àtijọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston àti Dallas, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí IRS (kì í ṣe ti owó orí o, independent rear suspension ni, ohun tó gbé táyà ẹ̀yìn mọ́tò dúró) ti Cobra, irú Mustang alágbára tí Ford ṣe. Oníṣòwò kan ní Texas níbí ti gba $3,000 lọ́wọ́ mi. Èyí tó bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni ohun tó kó fún mi pé kí n gbé sábẹ́ mọ́tò tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń wọ̀.

Mustang 1967 ni tèmi. Bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, ọ̀pá irin kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tó jókòó lé sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Bí táyà kan bá kó sí kòtò, èkejì á mọ̀ ọ́n lára. IRS ló yanjú ìyẹn: táyà kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀. Ford fi irú rẹ̀ sí Mustang Cobra láàárín 1999 sí 2004, òun sì ni ọ̀pọ̀ wa ń wá kiri. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ọ̀kan náà o! Ti 1999 àti 2001, eyín 28 (ìlà tí wọ́n gbẹ́ yípo orí rẹ̀) ló wà lórí ṣáàfù tó ń gbé agbára lọ sí táyà. Nígbà tí Cobra 2003 dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ní 390 horsepower, Ford mú ṣáàfù náà nípọn sí i, ó di eyín 31, wọ́n sì yí gíà ẹ̀yìn láti 3.27 sí 3.55 (ìyẹn iye eyín gíà ńlá tí a bá pín in sí iye eyín ti kékeré). Ìyàtọ̀ yìí ni oníjìbìtì ń rí jẹ.

Ọkùnrin náà pe tirẹ̀ ní Cobra 2003. Ó ní òun ti dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, torí ti Cobra fẹ̀ jù fún abẹ́ Mustang àtijọ́. Òótọ́ ni pé ó fẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. $3,800 ló pè é. Mo fi káàdì ìyáwó (credit card) san $500 kó má baà tà á fún ẹlòmíràn. Ló bá ní tí mo bá fi Zelle, tó ń gbé owó láti báǹkì sí báǹkì lójú ẹsẹ̀, san èyí tó kù, òun á yọ $300. Mo sáré san án.

Nígbà tí ẹrù dé, ọ̀dà dúdú tuntun ń dán lára rẹ̀. Àbúrò kan tó ti ta páàtì ní Ládípọ̀ rí ló ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó fi èékánná àtàǹpàkò fa ṣáàfù náà láti òkè dé ilẹ̀, ó dúró ní àárín, ó tún fà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí." Nǹkan kan ga díẹ̀ níbẹ̀, kò ju fọ́nrán òwú lọ. A ha ọ̀dà náà kúrò. Wọ́n ti gé ṣáàfù náà sí méjì, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n lọ ojú rẹ̀ kó dán, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀, ihò tó gba ẹnu abẹ́rẹ́ sì wà lójú ibi tí wọ́n ti jó o. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, a kà á yípo: 28. A ṣí ìdérí gíà: eyín 36 lára ńlá, 11 lára kékeré. 3.27 nìyẹn. Kò sí ti 2003 níbẹ̀ rárá.

Irin ṣáàfù jẹ́ irin tí wọ́n fi iná mú le. Ẹni tó bá jó o ti ba líle yẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ṣe tuntun ní gígùn tó yẹ ni, tàbí kó gé orí rẹ̀ kó sì gbẹ́ eyín tuntun sí i. Bí irú èyí bá kán lórí òpópónà I-45, á máa fì lábẹ́ mọ́tò, ó sì lè já páìpù bíréèkì.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní kí n dá a padà. Lẹ́yìn náà kò gbé fóònù mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo rí àwòrán ẹrù tèmi gan-an, tapólì aláwọ̀ búlúù nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú ìpolówó ọjà lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Ilé ìfowópamọ́ ti dá $500 orí káàdì padà. Òfin Amẹ́ríkà fún yín ní 60 ọjọ́ láti kọ̀wé tako irú owó bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́. Ti Zelle, wọ́n ní ọwọ́ ara mi ni mo fi fi ránṣẹ́. Mo ti fẹjọ́ sun FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní ReportFraud.ftc.gov àti FBI ní ic3.gov. Ẹ̀yin tó ti bá ọkùnrin yìí pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín náà síbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán eyín ṣáàfù láìlọ́dà, kí orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé owó ẹni tó gé e kúrú. Bí ó bá kọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ṣáàfù méjèèjì ṣì wà ní gáréèjì mi, mi ò jẹ́ tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi èékánná tirẹ̀ kan ibi tí wọ́n ti jó o kó tó lọ ra tirẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń wà nílé lọ́jọ́ Sátidé.