Mo mú ẹlẹ́ran Bódìjà lọ jẹ màlúù ní Herefordshire

Ọdún mẹ́tàlélógún ni màmá mi fi ta ẹran lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ní Birmingham, kò sí ẹran tí a rà wálé tí wọn ò fọwọ́ tẹ̀ látorí náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi dì í, wọ́n á sì yínmú: "Omi ló pọ̀ nínú eléyìí." Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé wọn lọ sí ilé oúnjẹ kan ní Herefordshire, níbi tó jẹ́ pé àgbẹ̀ tó ni ilé oúnjẹ ọ̀hún ló ń sin màlúù àti àgùntàn tí wọ́n ń sè níbẹ̀. N ò ní dárúkọ wọn o, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò.

Bíi wákàtí kan àtààbọ̀ la fi dé ibẹ̀. Ẹ má gbójú lé bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọ̀nà tó wọ oko náà kò gbà ju mọ́tò kan lọ; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ̀yìn rìn kí katakata lè kọjá.

Inú pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a gbé mọ́tò sí ni àwọn màlúù wà, ẹ̀yà Hereford gan-an, ara pupa, ojú funfun. Àmì aláwọ̀ yẹ́lò wà létí wọn méjèèjì. Mo ṣàlàyé fún màmá pé òfin ni, nọ́ńbà màlúù ló wà lára àmì yẹn, ó sì ní páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ nílé. "Màlúù ní páásípọ́ọ̀tù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Oṣù méjì ni wọ́n fi dúró de físà tiwọn.

Oúnjẹ Sọ́ńdè àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tà: màlúù yíyan 24 pọ́n-ùn, àgùntàn 23, adìyẹ 19. Pòtétò tí wọ́n fi ọ̀rá màlúù yan, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, omi ẹran tó ki dáadáa, àti Yorkshire pudding tó wú bí ife ló tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, kò ní ṣúgà nínú. Ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì ni wọ́n pò, tí wọ́n yan nínú ọ̀rá gbígbóná.

Bí ẹran ti dé, tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, màmá ti àwo sẹ́yìn. "Èyí ò tíì jiná." Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kò bínú rárá, ó gbé e padà sórí iná. Nígbà tó tún gbé e dé, màmá gé díẹ̀ sẹ́nu, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gé òmíràn. Wọ́n wá ní, "Màlúù yìí ò fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn kó tó kú." Wọ́n fi ọ̀rá ẹ̀ hàn mí, àwọ̀ rẹ̀ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, koríko ló jẹ, wọ́n ní. Ẹran náà rọ̀, ó sì dùn jinlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi so ó rọ̀ nínú yàrá tútù, wọ́n dijú. Ní Bódìjà, ẹran àárọ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìjà ni.

Hogget ni ìyàwó mi jẹ, ìyẹn àgùntàn tó ti lé lọ́dún kan tí kò tíì pé méjì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹran Iléyá, òun ni kí ẹ béèrè. Lamb, ìyẹn ọmọ àgùntàn tí kò tíì pé ọdún kan, kò tíì ní òórùn àgbò lára. Ṣùgbọ́n ẹran tibẹ̀ kì í ṣe halal o. Ilé ìpẹran tó ní ìwé àṣẹ ni òfin ní kí wọ́n gbé e lọ, wọn kì í pa á fúnra wọn.

Ẹjọ́ mi nìyí. Pátákó ẹnu ọ̀nà ní "ẹran tiwa". Adìyẹ ni ọmọ mi jẹ, mo wá béèrè ibi tí àwọn adìyẹ wà kó lè lọ wò wọ́n. Ọmọbìnrin yẹn wolẹ̀. Rírà ni wọ́n ra adìyẹ! Ó wà nínú ìwé oúnjẹ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà. 19 pọ́n-ùn! Wọ́n tún fi 12.5% kún owó wa fún àwọn òṣìṣẹ́. Kì í ṣe dandan, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo fi sílẹ̀ ní tèmi, torí láti oṣù Kẹwàá 2024, òfin ti ní gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa sí màmá.

Màmá ò tíì ṣe tán. Wọ́n ní kí wọ́n pe àgbẹ̀ náà wá. "Ṣàkì ńkọ́? Orí ńkọ́?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn kì í sè ṣàkì, ẹnì kankan kì í béèrè. Ti orí, látìgbà àrùn wèrè màlúù, òfin kò gbà kí wọ́n ta agbárí àti ọpọlọ màlúù tó ti lé lọ́dún kan fún jíjẹ. Màmá mirí, wọ́n káàánú orí yẹn bí ẹni pé tiwọn ni.

Àgbẹ̀ náà wọlé lọ, ó gbé ìrù màlúù kan jáde látinú firísà, ó tà á fún wọn ní 9 pọ́n-ùn. Alẹ́ Mọ́ńdè la fi ata rodo sè é, a fi jẹ ẹ̀bà. Màmá fúnra wọn ló gé e ní oríkèé-ríkèé, ọ̀bẹ ìgé-àlùbọ́sà ni wọ́n lò.