Ẹ má ra compiler Fortran lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ojú ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan wà tó ń ta compiler Fortran (Fortran ni èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò ìṣirò fún kọ̀ǹpútà) ti Intel ní ₦45,000, ó ní títí ayé lèèyàn máa fi lò ó. Mo ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyà tó jẹ mí kò gbọdọ̀ jẹ yín.

Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò bí átọ́ọ̀mù ṣe ń ṣe nínú nǹkan, ni mo fẹ́ lò fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kóòdù tí wọ́n fi Fortran kọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó fúnni. Compiler ló máa sọ kóòdù yẹn di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Mi ò mọ èyí tí mo lè lò, ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti rí mi mú. Ó ní compiler ọ̀fẹ́ máa ń ṣi ìṣirò ṣe. Ó fi fáìlì kan ránṣẹ́, ó ní kí n pa antivirus kí n tó ṣí i. Mo pa á.

Compiler náà kò ṣiṣẹ́ rárá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ẹnì kan ti wọ inú ímeèlì mi, ó ti yí password rẹ̀ padà, ó sì ń fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ti fi ₦20,000 ránṣẹ́ kí n tó ké gbàjarè. Èyí ló dùn mí ju owó tèmi lọ. Mo pe ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó ti búlọ́ọ̀kì mi.

Irọ́ ló pa fún mi. Gfortran, compiler Fortran ọ̀fẹ́, wà nínú GCC, àkójọ àwọn compiler ọ̀fẹ́, láti ọdún 2005, GCC fúnra rẹ̀ sì ti wà láti 1987. Kò gba kọ́kọ́rọ́, kò gba kọ́bọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò káàkiri ayé. Tó bá jẹ́ Ubuntu lẹ ń lò, ẹ kàn tẹ sudo apt install gfortran. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ wsl --install, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún un tàn. Ubuntu á wà nínú Windows yín, ẹ wá tẹ àṣẹ ti Ubuntu òkè yẹn nínú rẹ̀. Ẹ ra dátà tó tó o, torí kò kéré. Ẹni tó ń lo Mac tó ti ní Homebrew (ohun tí wọ́n fi ń kó ètò sórí Mac), brew install gcc ni tirẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ti Intel tó tà fún mi gan-an, láti ìparí 2020 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oneAPI, àkójọ irinṣẹ́ wọn, lórí ìkànnì tiwọn.

Mi ò ní kí ẹ má sanwó fún ẹni tó bá bá yín tò ó sórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, òfin GCC náà kò sì ní kéèyàn má gbowó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ pa antivirus, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá sì ń ta VASP, ètò ìṣirò mìíràn bíi Quantum ESPRESSO, fún yín ní kọ̀rọ̀, ọjà olè ló ń tà, torí àwọn tó ni ín ní Vienna ló ń fún ẹgbẹ́ olùwádìí ní ìwé àṣẹ rẹ̀.

Tí ẹ bá ti ṣí irú fáìlì yẹn, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ pe báǹkì yín. Ẹ yí gbogbo password yín padà, ṣùgbọ́n ẹ má lo kọ̀ǹpútà yẹn fún un o, fóònù ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́, kí ẹ sì fi Windows mìíràn sí i.