Gílóòbù tí mo rà lẹ́ẹ̀mejì fún iná ẹ̀yìn Mazda MX-5 àtijọ́

Nígbà tí MOT ọkọ̀ mi, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ ojú pópó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kù díẹ̀ kó pé, mo ṣàkíyèsí pé iná bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ti ń ṣe bàìbàì. Mazda MX-5 ọdún 1994 ni ọkọ̀ náà, ìlú London ni mo sì ti ń wà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo náwó kí ọ̀rọ̀ náà tó níyanjú: mo kọ́kọ́ ra gílóòbù LED fún àwọn iná ẹ̀yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní póùn 24, lẹ́yìn náà ni mo wá ra gílóòbù Osram onífílámẹ́ǹtì, irú èyí tí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń gbóná títí yóò fi tàn, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju póùn 9 lọ. Èyí tí kò wọ́n yìí ni mo fi sílẹ̀ lára ọkọ̀, àfi ní iná rìfáàsì.

Ìran àkọ́kọ́ MX-5, tí Mazda fi han aráyé ní Chicago ní ọdún 1989 tí wọ́n sì ń ṣe títí di ọdún 1997, kì í ṣe ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń bá ènìyàn ṣọ́ gílóòbù rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, àfi kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wí fún ọ. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí Museum of Modern Art ní New York fi gbé e sí àárín àwọn ohun tí wọ́n pàtẹ, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ mi kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Inú búùtù ni a ti ń pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀. A ó yọ àwọn ìdè oníke tí ó di aṣọ ìbòrí búùtù mú, a ó yí sókẹ́ẹ̀tì sí apá òsì kí ó lè jáde, a ó wá tẹ gílóòbù wọlé díẹ̀ kí a tó yí i bọ́. Kí ẹ ṣọ́ra ní ọwọ́ ọ̀tún, nítorí pé inú búùtù níbẹ̀ ni bátìrì ọkọ̀ yìí wà. Gílóòbù 21/5W, tí àwọn òǹtajà níhìn-ín ń pè ní 380, ni ó ń ṣiṣẹ́ iná alẹ́ àti ti bíréèkì pọ̀. Eyín méjì tí ó wà ní ìdí rẹ̀ kò dọ́gba, kí ó má baà ṣeé fi sí òdì. Ti tíráfíkétọ̀ jẹ́ 21W, nọ́ńbà 382, eyín tirẹ̀ sì dọ́gba.

Bí a bá ka ohun tí ẹni tí ó ta LED náà kọ, kò ní ẹlẹgbẹ́: kì í fa iná púpọ̀, kì í gbóná, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n funfun ni ó ń tàn, pupa sì ni ìbòrí iná ọkọ̀ mi. Pupa nìkan ni ìbòrí náà ń jẹ́ kó kọjá, ìmọ́lẹ̀ LED funfun kò sì ní pupa púpọ̀ nínú, nítorí náà pupa rẹ́súrẹ́sú ni ó jáde. LED pupa ni ó yẹ kí n rà. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi mi ni pé iná alẹ́ àti iná bíréèkì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ bákan náà. Ìlànà gílóòbù 21/5W ni pé kí ti bíréèkì tó nǹkan bí 440 lumen, tí í ṣe òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kí ti alẹ́ sì jẹ́ nǹkan bí 35, ìyàtọ̀ tí ó ju ìlọ́po méjìlá lọ, òun sì ni awakọ̀ ẹ̀yìn fi ń mọ̀ pé a fẹ́ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyàwó mi dúró sẹ́yìn ọkọ̀, mo tẹ bíréèkì, mo tún un tẹ̀, ó ní, “Olówó orí mi, ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́?”

Ti tíráfíkétọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye iná tí gílóòbù ń fà ni rélè àtijọ́ inú ọkọ̀ náà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ó ń mú kí tíráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, fi ń mọ̀ pé kò sí èyí tí ó kú. Gílóòbù 21W ń fa nǹkan bí ampere 1.75, ohun tí LED sì ń fà kéré sí i púpọ̀púpọ̀. Rélè gbà pé gílóòbù ti kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wéréwéré, bẹ́ẹ̀ MOT kò gbà kí ó ṣẹ́jú ju ìgbà 120 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Òǹtajà náà ní kí n ra resistor tí yóò máa fa ìyókù iná náà. Bí resistor yóò bá fi ooru run gbogbo iná tí LED kò fà, kí wá ni èrè LED? N kò sì rí àmì E inú òbírí, tí ó ń fi hàn pé a fọwọ́ sí gílóòbù fún ojú pópó, lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tí ó ṣe rìwáyà ní Ládípọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kó wá síbí ni ó bá mi wò ó. Kò tilẹ̀ bèèrè gílóòbù. “Àbúrò, yọ sókẹ́ẹ̀tì yẹn wá kí n rí i.” Irin inú sókẹ́ẹ̀tì náà ti di aláwọ̀ ewé, ibi tí wáyà earth ti so mọ́ ara ọkọ̀ sì ti dípẹtà, tí kò fi sí ọ̀nà tí iná lè gbà dé orí gílóòbù dáadáa. Ó fi sáńpépà ha méjèèjì, ó ní kí n dá gílóòbù tí mo ti fẹ́ sọ nù padà, ó sì tàn. Gíláàsì rẹ̀ ti dúdú nínú ni mo ṣe ra ti Osram rọ́pò rẹ̀.

Osram náà wọ sókẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà, àmì E wà lára rẹ̀, tíráfíkétọ̀ padà sí bí ó ṣe ń ṣẹ́jú tẹ́lẹ̀, MOT sì yege. Ó ń gbóná, kò sì ní pẹ́ tó LED. N kò ka èyí sí àbùkù ní iye tí mo rà á. LED méjì ṣì wà ní iná rìfáàsì, níbi tí ìbòrí ti funfun, wọ́n sì mọ́lẹ̀ gan-an níbẹ̀. Àwọn yòókù ni mo dá padà, òǹtajà sì san owó mi láìjiyàn, yàtọ̀ sí owó ìfiránṣẹ́. Rọ́bà tí ó yí iná ọwọ́ ọ̀tún ká ti gan, láti ibẹ̀ ni omi òjò ti ń wọlé sórí sókẹ́ẹ̀tì náà, nítorí náà tuntun rẹ̀ ni mo ń wá rà báyìí kí òjò ìgbà òtútù tó dé.